Ògúnmọ́lá ń ké lóru: ẹ bá mi túmọ̀ èdè àwọn tó ń sin ológbò

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ra ọmọ ológbò kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń polówó lórí Facebook. Wọ́n ní ọmọ oṣù méjì ni. Funfun ni, àmọ́ ó ní dúdú lẹ́yìn, ó sì pupa bí epo létí kan àti nídìí ìrù. Ohun tí ẹni tó tà á kọ sí mi rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà: "Persian doll face ni, akọ ni, bàbá ẹ̀ jẹ́ stud, ìyá ẹ̀ jẹ́ queen, litter kejì ìyá yẹn nìyí, ó ti gba abẹ́rẹ́ tán, ó ti lo oògùn aràn, pet only." Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tó gbọ́. Mi ò gbọ́ ìkankan. Ó tilẹ̀ bi mí pé ṣé mo ti ní litter nílé, mo ní rárá o, èyí ni ológbò mi àkọ́kọ́. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ògúnmọ́lá ni mo sọ ọ́, torí bó ṣe ń bá aṣọ fèrèsé jagun. Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, kò jẹ́ ká sùn mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ọmọ tuntun tí wọ́n gbàgbé síta. Á yí gbiri nílẹ̀, á fi àyà lélẹ̀, á gbé ìdí sókè, á wá máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tẹlẹ̀ lójú kan. Onílé ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ ní kì í ṣe ojú lásán, pé kí n da omi gbígbóná sí i lára, ohun tó wà nínú ẹ̀ á jáde.

Kí ló ń ṣe é, kí sì ni gbogbo èdè tí wọ́n kó lé mi lórí yẹn?

Ìyá Músù Ọjà-Ọba (9:58 alẹ́)

Má da omi gbígbóná sí nǹkan kan lára o, ọmọ mi. Lọ́dún kan, ẹnì kan ládùúgbò wa da omi sí ológbò mi lára torí irú igbe yìí. Kó tó wọ́ dé ìsọ̀ mi, awọ ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń bó bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sílẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín. Ọjọ́ méjì ló lò lẹ́yìn àpò ẹ̀wà kó tó kú. Ẹ̀wà ni mo ń tà, ológbò ló ń bá mi ṣọ́ ọ lọ́wọ́ eku, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ igbe yìí. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀. Ológbò rẹ ń wá akọ ni.

Èyí tó wá rú mi lójú ni bí o ṣe ní akọ ni. Akọ a máa ké lóòótọ́, a sì máa tọ̀ sára ògiri káàkiri, àmọ́ kì í gbé ìdí sókè. Abo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ gbé ìrù ẹ̀ kí o wò ó. Bí o bá rí ihò ìdí, tí o sì rí ojú ara kékeré tó là gbọọrọ nísàlẹ̀ ẹ̀, tí méjèèjì fara kínra, abo ni. Tí àyè bá wà láàárín wọn bíi fífẹ̀ ìka kan, tí kóró méjì sì yọ síbẹ̀, akọ ni.

Ọmọ Agbowó (10:05 alẹ́)

Màmá, ẹ jẹ́ kó fi ìrù sílẹ̀. Funfun, dúdú àti pupa lára ológbò kan ṣoṣo? Abo ni.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, jíìnì (àbùdá tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí) tó ń mú irun ológbò pupa wà lórí kúrómósómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn àbùdá tó ń pín akọ àti abo níyà. Akọ ní X kan péré, torí náà ó ti di kó pupa tàbí kó dúdú, kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Abo ní X méjì: ọ̀kan lè gbé pupa, èkejì á gbé dúdú, ara á wá pín in lábala lábala. Ti funfun yàtọ̀, jíìnì mìíràn ló ni ín. Ológbò aláwọ̀ mẹ́ta yìí ni wọ́n ń pè ní calico. Èyí tí dúdú àti pupa lọ́ pọ̀ lára rẹ̀ láìsí funfun tó pọ̀ ni tortoiseshell, torí ó jọ ẹ̀yìn ìjàpá. Akọ aláwọ̀ mẹ́ta kò ju nǹkan bí 1 nínú 3,000 lọ, èyí tó bá sì wà, kì í sábà lè fún abo lóyún. Bóyá ẹni tó tà á kò mọ̀ ni o, bóyá ó sì mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé (10:21 alẹ́)

Mo ti gbé ìrù. Wọ́n fara kínra. Yé! Ògúnmọ́lá ti dobìnrin mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá Músù Ọjà-Ọba (10:23 alẹ́)

Sọ ọ́ ní Ìyálóde kíá. Ẹfúnṣetán náà kì í ṣe ẹni tí à ń sọ pé kó dákẹ́.

Dókítà Ẹran (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Ìyá Músù ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n kín in lẹ́yìn díẹ̀.

Ohun tó ń ṣe Ìyálóde ni wọ́n ń pè ní "heat." Àwọn tó ń sin ológbò fún ọmọ títà ń pè é ní "calling," torí igbe yẹn. Kì í ṣe ibà o. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé ológbò wá bá mi pé ara ẹ̀ gbóná, torí pé "heat" ni wọ́n kà. Ara ológbò tó dá ṣáṣá gan-an gbóná ju tèèyàn lọ, láti 38 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni, ẹ má fi ọwọ́ tiyín wọ̀n ọ́n. Abo mìíràn á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó rọlẹ̀, bí kò bá sì rí akọ, á tún dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Lókè òkun, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń darí ẹ̀. Nígbà òtútù tí ọ̀sán bá kúrú, wọ́n a sinmi. Ní Ìbàdàn níbí, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún, wọn kì í mọ ìsinmi. Ìyẹn ni ìyá nísàlẹ̀ ṣe ń gbọ́ "àjẹ́" ní gbogbo oṣù.

Ológbò tún ní àrà kan. Ẹyin abo kì í já fúnra ẹ̀ lóṣooṣù, gígùn tí akọ bá gùn ún ló sábà ń já ẹyin. Ìdí nìyí tí oyún fi ń tètè dúró. Bí akọ méjì tàbí mẹ́ta bá sì gùn ún láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, ọmọ inú oyún kan náà lè ní bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Queen" kì í ṣe oyè, abo tó ń bímọ ni. "Tom" ni akọ. "Stud" ni akọ tí wọ́n dá sí láti máa gun abo. Bí ẹ bá rí "entire" tàbí "intact," èyí tí a kò tíì tẹ̀ lọ́dàá ni. "Neuter" sì ni títẹ̀ lọ́dàá. Ẹni tó bá ti ra òbúkọ ọ̀dá rí kò nílò àlàyé mi. Ti abo ni wọ́n ń pè ní "spay," òun ló le díẹ̀, torí inú la máa ń là láti yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin. Abo tó bá ń wá akọ léraléra láìlóyún, tí ọjọ́ orí sì ń lọ, ilé ọmọ rẹ̀ lè bàjẹ́. Inú á wú, olówó ẹ̀ á máa yọ̀ pé oyún ni. Kì í ṣe oyún, ọyún ni. "Pyometra" lorúkọ ẹ̀, ó sì ń pa wọ́n tí a kò bá tètè là á.

Ẹ jẹ́ kí heat yìí kọjá ná, ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ nílé ọmọ lásìkò yìí, lẹ́yìn náà ẹ gbé e wá ká ṣe spay fún un. Títí dìgbà yẹn, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ti fèrèsé.

Baba Balógun (7:12 àárọ̀)

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n owó lẹ ń wá. Ti abo, mo gbà. Kí ni ti akọ? Ká tẹ Balógun tèmi lọ́dàá, kí n wá máa pè é ní kí ni? Akọ kì í gbé oyún wọlé. Ó ń jáde lálẹ́, ó ń wọlé láàárọ̀, á jẹ ẹja ẹ̀, á sùn. Ta ló dí lọ́wọ́?

Ìyá Músù Ọjà-Ọba (7:30 àárọ̀)

Kò gbé e wọlé tìrẹ, ó gbé e wọlé onílé. Dákẹ́, Baba Balógun.

Onípákó Bódìjà (12:50 ọ̀sán)

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lórí litter yẹn. Ìtumọ̀ méjì ló ní. Ọmọ tí abo bí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn pọ̀, litter ni. Yanrìn tí ológbò ń ṣu sí, òun náà litter ni. Yanrìn ni ẹni yẹn ń bi yín. "Litter trained" wá túmọ̀ sí pé ó mọ ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí.

Tí ẹ ò bá lówó yanrìn ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́búlẹ́bú pákó dáa. Ẹ wá ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì wa, àpò kan kì í wọ́n yín lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má kó ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa, ẹ bèèrè kí ẹ tó kó o. Kí ẹ sì jọ̀ ọ́, èyí tó kúnná jù máa ń mú wọn sín.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé (1:15 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó onílé wà nínú oyún, wọ́n sì ní ìgbẹ́ ológbò máa ń ba oyún jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Dókítà Ẹran (2:02 ọ̀sán)

Díẹ̀ lára ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Toxoplasma lorúkọ kòkòrò náà. Ológbò tó jẹ eku tàbí ẹran tútù ló ń kó o, ó sì máa ń jáde nínú ìgbẹ́ ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ẹ̀. Ìgbẹ́ tuntun kì í tíì ran èèyàn, ó ní láti lo ọjọ́ kan sí márùn-ún nílẹ̀ kó tó lágbára. Torí náà, ẹ máa kó ìgbẹ́ náà lójoojúmọ́, kí aboyún má fọwọ́ kàn án. Kí òun náà máa jẹ ẹran tó jinná, kó sì fọ ẹ̀fọ́ dáadáa. Kò sí ohun tó kan lílé ológbò kúrò nílé níbẹ̀.

Ọmọ Agbowó (8:44 alẹ́)

Ó ku Persian, orúkọ ẹ̀yà ológbò kan ni. Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Mo wo àwòrán tí ẹ fi síbí. Irun Persian máa ń gùn débi pé ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ máa yà á lójoojúmọ́, imú ẹ̀ sì wọnú. Ti Ìyálóde, irun kúrú, imú gùn ṣọnṣọ bíi ti ológbò ìsọ̀ Ìyá Músù. "Doll face" ni wọ́n ń pe Persian tí ojú ẹ̀ kò pẹlẹbẹ jù, ibẹ̀ làwọn oníṣòwò ń sá pamọ́ sí: bí ojú bá ti rí bí ojú ológbò lásán, doll face náà ni.

"Pedigree" ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Ẹ kà á sí oríkì tí wọ́n kọ sínú ìwé: bàbá, ìyá, àwọn òbí bàbá, àwọn òbí ìyá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fún ìran mélòó kan. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ìran ológbò ló ń fọwọ́ sí i. CFA ti Amẹ́ríkà ti wà láti 1906, GCCF ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1910, TICA dé ní 1979. Ẹni tó bá ní "purebred ni," ìyẹn ni pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ìran ẹ̀, tí kò ní ìwé kankan, ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. "Domestic shorthair" tí ẹ máa rí lórí káàdì dókítà, ológbò ilé onírun kúkúrú ni, kò ní ẹ̀yà kan pàtó. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ àfi owó Persian tí ẹ san.

Baba Balógun (8:59 alẹ́)

Ọmọ Agbowó, "tabby" ńkọ́? Ẹnì kan rí Balógun, ó ní tabby ni, pé ẹ̀yà tó wọ́n ni. Pupa ni, ó ní ìlà bíi ti ẹkùn látorí délẹ̀.

Ọmọ Agbowó (9:06 alẹ́)

Tabby kì í ṣe ẹ̀yà, bàbá. Ìlà ara ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ológbò pupa ló sì ní in, ìmíì kàn máa ń ṣe fírífírí ni. Ẹ má tà á lówó ẹkùn.

Ìyá Músù Ọjà-Ọba (Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀)

Ẹ tún rántí ti Siamese, ẹ̀yà ológbò mìíràn. Oníbàárà mi kan ra ọmọ funfun báláú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan etí dúdú, imú dúdú, ẹsẹ̀ àti ìrù dúdú. Ó gbé e padà pé wọ́n kun àwọ̀ sí i lára. Wọn ò kun ún. Bí wọ́n ṣe ń bí wọn nìyẹn: inú ìyá gbóná, ibi tó bá tutù lára ni dúdú máa ń yọ sí.

"Pet only" tí wọ́n kọ sí ọ ńkọ́, ìyẹn ni pé kí o sìn ín lásán, má fi bímọ tà. Akọ tó jẹ́ stud sì ní owó. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń fún èèyàn ní ewúrẹ́ sìn, tí a ó jọ pín ọmọ. Àwọn olówó ológbò náà ń ṣe é: ìwọ gbé abo rẹ lọ ilé akọ, kí o san "stud fee," tàbí kí ẹni tó ni akọ kọ́kọ́ mú ọ̀kan tó wù ú nínú ọmọ. "Pick of the litter" nìyẹn. Ti ọ̀dọ̀ wa, akọ fúnra ẹ̀ ló ń fo ọgbà wá, kì í béèrè kọ́bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé (7:20 àárọ̀)

Abẹ́rẹ́ ńkọ́ o, Dókítà? Wọ́n ní ó ti gbà á tán kí n tó rà á. Wọn ò fún mi ní káàdì.

Dókítà Ẹran (9:15 alẹ́)

Ọmọ oṣù méjì tó ti "gbà á tán," irọ́ ni. Àjẹsára wọn, FVRCP, mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: méjì fún àwọn àrùn tó ń mú wọn sín, tó ń mú ojú ṣepin, ọ̀kan fún panleukopenia, èyí tó ń fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru gbá ọmọ ológbò lọ. A máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ká tún un fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin síra, títí wọ́n á fi kọjá ọ̀sẹ̀ 16. Kí nìdí tí ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó? Ohun ààbò tí ọmọ mu nínú ọmú ìyá ṣì wà lára ẹ̀, ó sì lè ba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ jẹ́. A ò mọ ọjọ́ tí yóò tán, la ṣe ń tún un fún un. Ti dìgbòlugi, láti oṣù mẹ́ta sókè. Káàdì tó pé gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, ìfọwọ́sí dókítà, àti bébà kékeré tí wọ́n yọ lára ìgò oògùn lẹ̀ síbẹ̀. Tí kò bá sí káàdì, a ó ṣe é bí ẹni tí kò gbà á rí, kò ní pa á lára.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ dìgbòlugi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn kò mọ̀. Kòkòrò àrùn kan wà tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi, Mokola lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé gbogbo ayé. Mọ́kọ́lá tiwa yìí ni. Lára asín ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i níbí, ní 1968. Láti ìgbà náà, wọ́n ti rí i lára ológbò ilé ní Zimbabwe àti South Africa, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ẹranko lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe kí ẹ̀rù bà yín ni mo ṣe sọ ọ́, kò wọ́pọ̀ rárá. Àmọ́ bí ológbò yín bá gbé asín wọlé, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Ìyá Músù Ọjà-Ọba (9:31 alẹ́)

Ológbò mi kì í jẹ asín náà, á pa á, á tẹ́ ẹ síwájú mi. Mo rò pé òórùn ẹ̀ ni. Igi ni n ó fi máa gbé e láti òní lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:05 àárọ̀)

Ìyálóde ti jáde o. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ilé ìdáná ló fi èékánná ya. Ó wọlé ní aago márùn-ún ìdájí, kò ké mọ́, ojú eyín wà lọ́rùn ẹ̀ lẹ́yìn, irun ibẹ̀ tutù. Akọ dúdú kan jókòó lórí ọgbà tó ń wò mí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Mo fẹ́ fún un ní ìlàjì parasitamọ́ọ̀lù nítorí ọrùn yẹn.

Dókítà Ẹran (6:09 àárọ̀)

Ẹ DÚRÓ. Ẹ má fún un. Ìlàjì yẹn lè pa á. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí tèèyàn fi ń tú oògùn yẹn palẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́ tí kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, èrìgì á dà bí omi ẹrẹ̀, ojú á wú, ó parí. Bákan náà ni oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin, àti àlùbọ́sà inú ọbẹ̀. Omi ìyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi nu ọrùn, kẹ́ ẹ gbé e wá kí n rí i bí ó bá wú.

Akọ ló gé e jẹ níbẹ̀, ó máa ń fi eyín di awọ ọrùn abo mú. Ẹ kọ ọjọ́ òní sílẹ̀. Ọjọ́ 63 sí 65 ni oyún wọn.

Baba Balógun (8:40 àárọ̀)

Mo sọ fún yín pé ti abo ni kẹ́ ẹ mójú tó. Àǹtí, ẹ kú oríire.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Orí ọmú ẹ̀ ti pọ́n, ó sì yọ síta. Ìyá Músù, ẹ ní kí n máa wò ó.

Ìyá Músù Ọjà-Ọba

Oyún ti dúró. Àwọn olówó ológbò ń pè é ní "pinking up." Fi kún oúnjẹ ẹ̀. Ẹja ṣáwá bíbọ̀, yọ egungun ẹ̀, ẹran adìẹ pẹ̀lú. Kì í ṣe àmàlà o. Tèmi náà a máa lá gbẹ̀gìrì, ìyẹn fàájì ni, ẹran ló ń gbé ológbò ró. Má fún un ní mílíìkì, inú ọ̀pọ̀ wọn kò gbà á bí wọ́n bá ti dàgbà, á kàn máa ṣu ni. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wá páálí, tẹ́ aṣọ ògbólógbòó sí i, gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Bó bá kọ ibẹ̀, tó wọnú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ lọ, o ti pàdánù kọ́bọ́ọ̀dù.

Dókítà Ẹran

Ó kéré láti bímọ. Ohun tó dáa ni kó pé ọdún kan ná. Mo ti sọ fún Àǹtí pé a ṣì lè yọ ilé ọmọ nísinsìnyí, wọ́n ní kí a fi sílẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni. Bó bá ń rọbí tó ń tiraka fún bí ìlàjì wákàtí tí ọmọ kankan kò jáde, ẹ pè mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ọmọ Agbowó

Ẹ jẹ́ kí n ta ayò kan fún yín. Ìyálóde ní X pupa kan, X dúdú kan. Bí akọ dúdú orí ọgbà yẹn bá ni bàbá, gbogbo ọmọbìnrin á gba X dúdú lọ́dọ̀ ẹ̀, dúdú gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Ọmọ tó bá pupa láìní dúdú kankan, akọ ni. Mo fi búrẹ́dì àti àkàrà Agbowó lélẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé (ọjọ́ 64)

Ó ti bí! Mẹ́rin. Ó kọ páálí, ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìkínní jáde ní aago méjì òru, ó dà bí eku tí omi pa. Ìyálóde lá awọ tó bò ó kúrò, ó gé ìwọ́ jẹ, kí n tó ṣẹ́jú ọmọ ti rá dé orí ọmú. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ìyá ẹ̀ o, ta ló kọ́ ọ? Dúdú òun funfun méjì, aláwọ̀ mẹ́ta kan bíi ìyá ẹ̀, pupa òun funfun kan. Ọmọ Agbowó, pupa ti dé, kò ní dúdú kankan.

Ìyá Músù Ọjà-Ọba

Kú ewu ọmọ! Rí i pé gbogbo wọn mu ọmú kí ilẹ̀ òní tó ṣú, omi ọmú àkọ́kọ́ yẹn lààbò wọn. Má la ojú wọn fún wọn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì á là fúnra ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, o lè máa fi ẹja rírọ̀ tọ́ wọn lẹ́nu wò. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó dúró dìgbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta. Àwọn tó ń já wọn lẹ́nu ọmú lọ́sẹ̀ márùn-ún láti fi tà, àwọn ni wọ́n ń sọ wọ́n di agéníjẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbí)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Dókítà dé. Ara gbogbo wọn le. Ọmọ Agbowó, ẹ ra búrẹ́dì àti àkàrà. Ọmọ pupa yẹn, abo ni. Dókítà gbé ìrù ẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Agbowó

Kò lè jẹ́ abo. Àfi tí... ẹ dúró ná. Kó tó pupa bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba X pupa lọ́dọ̀ ìyá, kó tún gba X pupa lọ́dọ̀ bàbá. Akọ dúdú kọ́ ni bàbá èyí. Dókítà ṣáà ti sọ ọ́ pé bàbá lè ju ọ̀kan lọ. Akọ pupa kan wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Baba Balógun

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, apá ibo ní Ẹlẹ́yẹlé lẹ wà gan-an?

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́yẹlé

Ilé aláwọ̀ ewé tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́nà ibi tí wọ́n ti sé odò. Kí ló dé, sà?

Baba Balógun

Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń wò láti ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Ìyá Músù Ọjà-Ọba

Àna wa! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹja ṣáwá kílò méjì la ó kọ́kọ́ gbà lórí ìtọ́jú ọmọ.

Baba Balógun

Mo ń gbé e bọ̀ lálẹ́ yìí. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ máa ń ṣe ti akọ?